Ìlà Orí Ambrose

Ọjọ́ Àìkú, 7 oṣù karùn-ún, 1972

Mo dé ilé lánàá. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni mo lò ní Ìbàdàn. Awakọ̀ tó gbé wa láti Orè kò yẹra fún kòtò kan ṣoṣo, gbogbo kòtò náà ló sì wọ èjìká mi. Sìlífátù ìyàwó mi ló di apá náà mú títí a fi dé Òkìtìpupa. N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìrora kò jẹ́ kí n rántí.

Láti òwúrọ̀ ni àwọn ará àdúgbò ti ń wá kí mi, kò sì sí èyí tí kò fẹ́ fọwọ́ kan irin. Dókítà gé orí eegun apá ọ̀tún mi tó ti rún wẹ́wẹ́ kúrò, ó fi irin roboto rọ́pò rẹ̀ nínú èjìká. Ẹnìkan bi mí pé ṣé kò ní dógùn-ún tí òjò bá pa mí. Mo ní kó lọ bi dókítà.

Mísì Mildred, obìnrin tó ń kọ́ àwọn tó ti ṣẹ́ léegun bí wọn yóò ṣe tún máa lo ara wọn, kọ iṣẹ́ tí mo gbọ́dọ̀ máa ṣe sínú ìwé fún mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, láìpa ọjọ́ kan jẹ. Ó ní tí n kò bá ṣe é, èjìká yóò gan pa. Mo bi í pé ìgbà wo ni n ó padà sídìí àga mi láti máa gẹrun. Ó ní, "Baba, ẹ kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí ná." Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń gẹrun ní ìlú yìí. Ọwọ́ tí kò lè ga dé orí ènìyàn, kí ni onígbàjámọ̀ fẹ́ fi ṣe?

Òun náà ló ní kí n máa kọ bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ sílẹ̀. Ìwé rèé. Kò sọ pé kí n má fi ìbínú kún un.

Ọjọ́ Ajé, 8/5

Kí n lè máa rántí iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sọ wọ́n lórúkọ. Àkọ́kọ́ ni kí n tẹ̀ síwájú, kí n fi ọwọ́ òsì di tábìlì mú, kí n jẹ́ kí apá ọ̀tún rọ̀ wálẹ̀, kó máa fì síwá, fì sẹ́yìn. Ìyẹn ni Agogo. Èkejì ni kí n dúró kọjú sí ògiri, kí ìka ọwọ́ ọ̀tún máa gun ògiri lọ díẹ̀díẹ̀, kí ọwọ́ òsì máa tì í lẹ́yìn. Alángbá nìyẹn. Ẹ̀kẹta ni okùn tí a gbé gba orí igi àjà: ọwọ́ òsì ń fà á wálẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ń bá okùn gòkè. Kànga ni mo pe èyí.

Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Títí di ìgbà tí wọ́n bá yọ̀ǹda, apá ọ̀tún kò gbọdọ̀ dá nǹkan gbé, n kò sì gbọdọ̀ fi ara tì í rárá.

Agogo ogún ìgbà. Sìlífátù ló ń bá mi kà á. Ó fo láti mọ́kànlá bọ́ sí mẹ́tàlá. Mo gbọ́, mo sì bá a ka mẹ́rìnlá.

Ọjọ́rú, 10/5

Ọmọ́túndé, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi tó sì ti di ọ̀gá fúnra rẹ̀, ló ń bá mi jókòó ti ṣọ́ọ̀bù. Ó ń ṣe dáadáa. N kò rí àléébù kankan tọ́ka sí, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Mo ní kó gbé àga ìgẹrun wá sílé fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Àsìkò náà ni Ambrose wọlé. A jọ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní ọjọ́ kan náà, èmi ọmọ mùsùlùmí, òun ọmọ ìjọ Àgùdà, a sì ti ń bú ara wa láti ìgbà náà. Olùkọ́ ìjọ ni báyìí, òun ló ń ka ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi tó ṣáájú Àjíǹde ló fi kéde pé ìjọba ní tí ó bá di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, kí gbogbo ọkọ̀ àti kẹ̀kẹ́ kúrò ní ọwọ́ òsì títì, kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni kẹ̀kẹ́ rẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ mi forí gbárí ní kọ́nà ọ̀nà Igbotako. Orúnkún rẹ̀ bó. Èjìká tèmi fọ́. Gbogbo ìlú ló gbà pé òun ló gbàgbé ìkéde ara rẹ̀, òun náà sì ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá bi í.

Mo ní kó jókòó sórí àga náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Òun ló ga jù nínú àwọn oníbàárà mi. Mo fi èédú fa ìlà sára ògiri ní ìwọ̀n àtàrí rẹ̀. Bí ìka mi bá lè dé ìlà yẹn láìká ìgúnpá kò, mo lè gẹ irun ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ambrose wo ìlà náà, ó fọwọ́ ra orí.

"Ó dára," ó ní. "Abẹ ẹlòmíràn kò ní kan orí yìí títí ọwọ́ rẹ yóò fi dé ibẹ̀."

"O máa di wèrè kó tó di ìgbà yẹn."

"Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà."

Nínú gbogbo ẹran tí Ọlọ́run dá, ẹlẹ́dẹ̀ ló rí fi ṣàpẹẹrẹ fún mùsùlùmí. Mo lé e jáde.

Ibi tí ìka tèmi gun ògiri dé lónìí fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ mẹ́fà wà nísàlẹ̀ ìlà orí rẹ̀.

Jímọ̀, 12/5

Mo lọ kírun. Nígbà tí gbogbo àwọn tó tò ní sàfù gbé ọwọ́ méjèèjì dé etí, ọwọ́ òsì mi dé, ọ̀tún dúró sí ìdodo. Orí àpótí ni mo jókòó sí lẹ́yìn àwọn èèyàn bí arúgbó. Lẹ́yìn ìrun, Alfa tún wàásù rẹ̀ àtijọ́ pé kí mùsùlùmí má dọ̀bálẹ̀ fún ènìyàn, pé Ọlọ́run nìkan ló ni ìforíbalẹ̀. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń sọ ọ́. Bó ti ń sọ ọ́, a ń dọ̀bálẹ̀ fún un lọ́nà àbájáde.

Ọjọ́rú, 17/5

Òjò láti ìdájí. Okùn Kànga ń ha igi àjà, kò yọ̀. Sìlífátù fi àdín pa igi náà. Ó ń yọ̀ báyìí, àdín sì ń kán sí fìlà mi. Alángbá ti gòkè ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Márùn-ún ló kù. Mo jẹ ìṣù pupuru méjì, oúnjẹ gbágùúdá tí a fi ẹfín gbẹ, lórí ayọ̀ yẹn.

Àbámẹ́ta, 20/5

Kí ni mo fẹ́ sọ fún ènìyàn?

Bàbá Ṣéhù, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wá kí mi láti Òde-Ayé. N kò gbọ́ pé ó ń bọ̀. Mo ń ṣe Agogo lọ́wọ́, mo ti tú aṣọ tí mo fi gbé apá kọ́rùn sílẹ̀. Mo kàn gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, àyà mi ti wà nílẹ̀, ọwọ́ mi méjèèjì ti tẹ ilẹ̀. Ohun kan dún nínú èjìká mi, pọ́ọ́. Ojú mi ṣú.

N kò lè dìde. Bàbá Ṣéhù rò pé ọ̀wọ̀ ló pọ̀ lójú mi. Ó dúró lé mi lórí, ó ń ṣàdúrà.

"Ọma mi, wà á pẹ́. Ọma tìrẹ náà á dọ̀bálẹ̀ fún ọ. Ọghọ́ ẹ á mókè." Ó ṣàdúrà fún ilé, ó ṣàdúrà fún oko, ó ṣàdúrà fún àwọn tí a kò tíì bí. Ìgbà tó dé orí ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀kejì ni Sìlífátù wọlé tó sì figbe ta.

Bàbá náà sunkún nígbà tó gbọ́. Èmi ni mo tún ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ọjọ́ Àìkú, 21/5

Ó wú. N kò ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́ Ajé, 22/5

Ambrose wá. Sìlífátù ti sọ fún un. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rí i. Mo ní kó lọ sílé.

Ìṣẹ́gun, 6/6

Ìbàdàn. Ọkọ̀ wa rì sínú ẹrẹ̀ kí a tó dé Orè, wákàtí mẹ́ta la fi dúró sínú òjò. Dókítà ya àwòrán èjìká. Irin kò yẹ̀, àmọ́ iṣan tí wọ́n rán mọ́ ọn ti já níbì kan. Òun àti Mísì Mildred bẹ̀rẹ̀ sí í fi gẹ̀ẹ́sì jíròrò. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, a kì í fárí lẹ́yìn olórí, ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́.

"Baba, ta ló tì yín?" ni Mísì Mildred bi mí.

"Kò sẹ́ni tó tì mí. Mo kí bàbá mi ni."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú kúrò lára mi, ó mú ìwé mi, ó kọ ọ́ gàdàgbà sí òkè: Ẹ KÒ GBỌDỌ̀ DỌ̀BÁLẸ̀ FÚN ẸNIKẸ́NI. Alfa yóò fẹ́ràn obìnrin yìí.

Apá yóò tún padà sí ọrùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Agogo nìkan. Lẹ́yìn náà n ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo bi í bóyá ọwọ́ náà yóò ṣì dé ìlà Ambrose. Mo ti ṣàlàyé ìlà náà fún un. Ó ní òun kò ní purọ́ fún mi, òun kò tíì mọ̀.

Jímọ̀, 9/6

Ẹni tí kò lè dọ̀bálẹ̀, ìyọnu ni kó jáde nílé. Mo bá ìyá àna mi pàdé lọ́jà, mo tẹ orí ba, mo sọ ọ̀rọ̀ gígùn lórí irin àti iṣan. Ó ní kò burú. Ojú rẹ̀ sọ pé ó burú.

Ọjọ́ Àìkú, 18/6

Irun Ambrose ti bo òkè etí. Àwọn ọmọ ilé ìwé Àgùdà ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Agatha ìyàwó rẹ̀ wá bẹ̀ mí pé kí n tú u sílẹ̀ nínú ìbúra rẹ̀. Mo ní èmi kọ́ ló búra.

Ní ọ̀sán, Sìlífátù ń yọ pupuru kúrò lórí àjà ẹfín, ó kàn sọ ọ́ báyìí pé, "Ṣebí ilẹ̀ ni àwa obìnrin ń jókòó sí tí wọ́n bá ń dirun fún wa. Kí wọ́n jókòó sílẹ̀ fún ọ, kí o jókòó sórí àpótí. Ọwọ́ rẹ máa tó wọn."

Mo bi í pé ọkùnrin wo ló fẹ́ jókòó sílẹ̀ láàárín ìgboro kí n ki orí rẹ̀ bọ àárín orúnkún mi bí ẹni tó fẹ́ di ṣùkú. Mo ní onígbàjámọ̀ ni mí, n kì í ṣe onídìrí. Mo ní àga ni wọ́n bá mi nídìí rẹ̀, ìdí àga náà ni n ó padà sí. Ohùn mi ti ga jù. Ó ń gbọn ẹfín kúrò lára aṣọ rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 27/6

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé. Mo tún bẹ̀rẹ̀ Alángbá. Ìbú àtẹ́lẹwọ́ méje. Ní oṣù tó kọjá, mẹ́fà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ju èédú nù.

Jímọ̀, 30/6

N kò ṣe nǹkan kan lánàá, n kò ṣe lónìí. Kí ni èrè rẹ̀? Òjò ń rọ̀, èjìká ń ro mí bí òjò ti ń rọ̀, irin náà sì tutù nínú ara mi lóru. Ọmọ́túndé gbé owó ọ̀sẹ̀ wá, ó sọ fún mi pé ọmọ Ìlútítun kan wá gẹrun tó ní òun kò mọ̀ pé ẹlòmíràn ló ni ṣọ́ọ̀bù. Ó rò pé ó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni.

Àbámẹ́ta, 1/7

Sìlífátù kò ro oúnjẹ. Mo jókòó títí oòrùn fi kàn mí lórí, n kò gbọ́ ìró orógùn. Mo bi í pé ṣé ara rẹ̀ kò yá ni.

"Ara mi yá," ó ní. "Èjìká mi ló ń sinmi. Mo rí i pé ìsinmi ni a ń ṣe nílé yìí."

Gààrí tútù ni mo mu lọ́sàn-án. Gààrí tútù ni mo tún mu lálẹ́, láìsí ẹja. Mo dìde, mo fa Kànga ní ọgbọ̀n ìgbà, mo ń kà á sókè kí ó lè gbọ́ láti inú ilé ìdáná. Nígbà tí mo dé ogún mo gbọ́ tí ìkòkò dún.

Ọjọ́bọ̀, 13/7

Márùn-ún àbọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, mi ò fo ọjọ́ kankan láti ọjọ́ gààrí.

Kẹrosíìnì ti gbówó lórí. Ẹja gbígbẹ láti ọ̀dọ̀ àwọn apẹja Ìjọ́ kò wọlé dáadáa nítorí omi ti kún.

Ọjọ́ Àìkú, 23/7

Mẹ́rin. Mísì Mildred kọ̀wé ránṣẹ́ pé kí n fi ọ̀pá kún un: kí n di ọ̀pá mú lọ́wọ́ méjèèjì, kí n máa gbé e sókè. Igi orógùn Sìlífátù ni mo ń lò. Ọwọ́ ọ̀tún ń gbọ̀n bí mo ti ń gbé e. Mo mú kílípà tí mo fi ń gẹrun, mo ń tẹ̀ ẹ́ ṣí, mo ń tẹ̀ ẹ́ dé, ní ìwọ̀n àyà. Ìka mi kò gbàgbé nǹkan kan. Èjìká nìkan ni kò mọ̀ mí mọ́.

Fadá ti bá Ambrose sọ̀rọ̀ lórí irun rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀ láti wá fi òróró yan àwọn ọmọ ìjọ, Ambrose ni yóò sì tò wọ́n síwájú pẹpẹ. Fadá ní òun kò lè mú ẹni tó rí bí ọdẹ tó sọnù nínú igbó síwájú Bíṣọ́ọ̀bù. Ambrose ní òun ti fi ọjọ́ náà sọ́kàn. Ó wo ògiri.

"Mẹ́rin ló kù," ni mo sọ.

"Oṣù kan ló kù," ni òun náà sọ. "Kí ni mẹ́rin jẹ́?"

Jímọ̀, 4/8

Mẹ́ta.

N kò lè sọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ní iwájú mọ́ṣáláṣí fún Sìlífátù, nítorí náà n ó kọ ọ́ síbí. Àwọn ẹgbẹ́ wa ń bi mí nípa ọwọ́. Sànúsí tó ń ta epo ní, "Kèfèrí yẹn tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ló ṣe é báyìí." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo mọ ohun tí mo rí ní kọ́nà Igbotako. Mo ti lọ fá irun ọmọ tuntun níbẹ̀ ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà, mo sùn síbẹ̀, mo ń bọ̀ wálé láàárọ̀. Oorun ṣì wà lójú mi. Ẹsẹ̀ mi ń wa kẹ̀kẹ́ bó ti ṣe ń wà á láti ọdún tó ti pẹ́. Ọwọ́ òsì títì ni mo wà. Ambrose ló wà níbi tó yẹ kó wà. Nígbà tó rí mi, ó yà sí òdìkejì kó má bàa pa mí, èmi náà yà, ni a bá pàdé. Ìgbà tí àwọn ènìyàn fi dé, òun ló wà ní ọwọ́ òsì, èmi ni mo wà nílẹ̀ tí mo ń ké. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n sọ.

Oṣù mẹ́rin rèé. Bí a bá ń yọ́lẹ̀ dà, ohun burúkú a máa yọ́ni ṣe. Mo sọ fún ara mi pé bí ọwọ́ mi bá dé ìlà rẹ̀, tí mo gẹ irun rẹ̀, a ti di ọgbọọgba, kò sí ohun tí n ó tún sọ. Bóyá ìdí tí mo fi ń fa okùn bí ẹrú nìyẹn.

Ọjọ́rú, 16/8

Méjì àbọ̀. Ọjọ́ márùn-ún ló fi dúró sí méjì àbọ̀. Ohun tí mo ṣe lónìí, ojú ń tì mí láti kọ ọ́: mo gun bíríkì kan, ìka mi sì kan ìlà Ambrose. Mo dúró sórí bíríkì náà fún ìgbà díẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 22/8

Ìbàdàn. Oòrùn díẹ̀, ọ̀nà ti gbẹ. Mo rò pé àmì rere ni.

Mísì Mildred wọn ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní kí n gbé e láìsí ìrànlọ́wọ́. Ó ní kí n má gbé èjìká sókè. Lẹ́yìn náà ó jókòó tì mí.

"Baba, ẹ ti ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọdé kò lè ṣe. Ibi tó dé yìí ló máa dé. Iṣan tó já yẹn kò ní jẹ́ kó kọjá ibẹ̀."

"Ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì àbọ̀ péré ló kù."

"Mo mọ̀."

"Tí mo bá ń ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́ ńkọ́?"

"Kí ẹ máa ṣe é kó má bàa padà sẹ́yìn. Àmọ́ kò ní lọ síwájú."

Mo bi í pé ta ni kí n bínú sí. Mo bi í tọkàntọkàn, nítorí mo fẹ́ mọ̀. Ó fún mi ní omi.

Ọjọ́bọ̀, 24/8

N kò fa okùn. Sìlífátù kò bi mí, ó sì ro oúnjẹ. Èyí ló tún dùn mí jù, pé ó ń ṣàánú mi.

Mo kọ ìwé sí Ambrose pé kó lọ jókòó fún Ọmọ́túndé, Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, mo ti tú u sílẹ̀. Mo kọ ìlà kan kún un nípa kọ́nà Igbotako, mo ya á, mo tún ìwé náà kọ láìsí i. Mo mú àkísà tútù, mo nu ògiri. Èédú náà kò lọ tán. Ó fẹ̀, ó di àbàwọ́n ńlá.

Jímọ̀, 25/8

Ambrose kò fèsì.

Àbámẹ́ta, 26/8

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ láti lọ kó abẹ mi fún Ọmọ́túndé. Mo ti pinnu. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, mo ń nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó fi lé e lọ́wọ́. Ó ń gbà wọ́n, kò wò mí lójú. Ọjọ́ ọjà ni, èrò ń lọ, èrò ń bọ̀.

Ambrose yọ láti ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wọ ṣòkòtò funfun rẹ̀, ó ká ẹní sí abẹ́ abíyá. Irun rẹ̀ ti fẹ̀ ju fìlà lọ. Agatha ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, ó fi ìborùn bo ẹnu. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó tẹ́ ẹní náà síwájú mi, ó jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ sójú títì, ó sì fi ẹ̀yìn ti orúnkún mi.

Èrò dúró.

"Ambrose, dìde," ni mo sọ. "Àwọn ènìyàn ń wò ọ́."

"Kí wọ́n máa wò. Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ lọ́la."

"Àga wà nínú ilé. Ọmọ́túndé náà wà níbẹ̀."

"Ṣé Ọmọ́túndé ni mo bá sọ̀rọ̀?"

Obìnrin kan tó ru agbọ̀n ọ̀pẹ-òyìnbó bi í pé irú irun wo ló fẹ́ dì.

"Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀," ni Ambrose dá a lóhùn. "Bá mi bẹ̀ ẹ́, onídìrí náà kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹran náà."

Ọjà bú sẹ́rìn-ín. Mo wo Sìlífátù, tí n kò mọ ìgbà tó dé. Ó ń wo ọ̀nà míràn, bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹní.

Mo gba kílípà padà lọ́wọ́ Ọmọ́túndé. Mo na ọwọ́ ọ̀tún. Orí Ambrose wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, n kò ní láti gun ibì kankan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ mi gbọ̀n ní ìbẹ̀rẹ̀, mo fi òsì dì í mú, ó sì dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo sinmi. Kò sí ẹni tó sọ pé kí n yára. Irun náà ń jábọ́ sí ẹní, ó pọ̀ débi pé Agatha bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a jọ.

Nígbà tí mo dé ìpàkọ́, tí ó dojú kọ ilẹ̀, tí kò lè rí mi, tí àwọn èrò sì ti ń tú ká, mo rọra sọ ọ́.

"Ambrose. Èmi ni mo gba ọwọ́ òsì lọ́jọ́ náà. Ìwọ wà níbi tó yẹ kó o wà."

Kílípà dúró lọ́wọ́ mi.

Kò gbé orí sókè. "Mo mọ̀," ó ní. "Ojú mi là lọ́jọ́ náà. Máa gẹrun lọ, o kò tíì dé etí òsì."